Ẹ Tú Orúkọ Ọkọ Mi Síta

Kí n rọra sọ̀rọ̀? Dókítà, èmi lẹ ní kí n rọra sọ̀rọ̀? Pé àwọn aláìsàn wà níta, wọ́n á gbọ́? Háà! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí o! Òní lẹ wá mọ̀ pé ènìyàn máa ń gbọ́ràn! Òní lẹ rántí pé ilẹ̀kùn yàrá yìí ṣeé tì! Ẹ jókòó jàre, mo ti tì í kí n tó la ẹnu, torí ohun tí ẹ fi ṣe mí, mi ò ní fi ṣe ẹlòmíì. Àwọn ọkùnrin tó wà lórí àga níta lọ́hùn-ún, tí oníkálukú wọn ń wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni pé inú bàtà ni wọ́n kọ èsì àyẹ̀wò sí, mi ò wo ojú ìkankan nínú wọn nígbà tí mò ń kọjá. Èmi tí orí mi ń gbóná, èmi ni mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú má baà ti ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin tí ara yín balẹ̀, tí ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú atẹ́gùn tútù, ẹ̀yin lẹ kó orúkọ gbogbo wọn jọ tí ẹ pàtẹ wọn bí ẹni pàtẹ ọjà sójú títì.

Mi ò fẹ́ omi. Ẹ ṣeun, mi ò fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi ni mo ti ń bọ̀ ní ọsibítù ńlá, omi wà níbẹ̀. Omi kọ́ ni mo wá mu níbí.

Ṣé ẹ mọ̀ mí ṣá? Ẹ wò mí dáadáa. Èmi ni ìyàwó panapaná. Ọkùnrin gíga yẹn, tó jẹ́ pé tó bá jókòó sórí àga tí mo wà yìí, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ohun tí ẹ bá sọ, kódà èyí tí kò pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ rántí rẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ wá síbí, ta ló fà á wá? Èmi ni! Ó ní òun ò wá, ó ní ó sàn kí òun jó mọ́nú ilé ju kí òun lọ jókòó níwájú dókítà kí òun máa sọ̀rọ̀ àtọ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ epo ọkọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, mo bínú, mo dákẹ́, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó gbà, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, tí ẹnì kan bá wá gbọ́ ńkọ́?" Mo ní, "Ta ló fẹ́ gbọ́? Èmi, ìwọ, dókítà, Ọlọ́run." A débí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi yín. Kò bi yín bóyá ó máa dun òun. Kò bi yín bóyá ó máa ṣiṣẹ́. Ó ní, "Dókítà, ẹnì kankan ò ní mọ̀, àbí?" Ẹ gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo wà níbẹ̀! Ẹ ní, "Ọ̀gá mi, ohun tó bá wọ yàrá yìí, inú yàrá yìí ló máa kú sí." Ẹnu yín yìí ni. Ìyẹn ló jẹ́ kó dúró.

Kí ló wá jáde nínú yàrá ọ̀hún, Dókítà? Mo ní kí ló jáde?

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí, bóyá ẹ ti gbàgbé. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Tótó, ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin lẹ jù mí lọ, ẹ má bínú, àmọ́ òwe náà kò ní ibòmíì tó fẹ́ lọ lónìí.

Ọkọ mi wà nílé lọ́jọ́ náà, ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Fóònù ké tín-ín lórí tábìlì. Ó fi ọwọ́ kan mú un, ọwọ́ kejì ṣì wà lórí áyọ́ọ̀nù. Ímeèlì yín ni. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju báyìí lọ: "Ẹ̀yin ọkùnrin wa tí ẹ ń gba ìtọ́jú fún àtọ̀ tí kò lágbára, ẹ̀rọ àyẹ̀wò wa ti lọ fún àtúnṣe, ẹ má wá lọ́jọ́ Ajé mọ́, Ọjọ́rú ni kí ẹ wá." Ó parí. Ọ̀rọ̀ tó wúlò, mi ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n lókè rẹ̀, Dókítà, lókè, ká tó dé "ẹ̀yin ọkùnrin wa" rárá, orúkọ! Orúkọ lórí orúkọ! Wọ́n tò gbọọrọ bí èèrà tó rí ṣúgà. Àwọn kan tiẹ̀ gbọ́n, nọ́ńbà àti àlífábẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe àdírẹ́sì tiwọn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ wọ́n. Ọkọ tèmi ńkọ́? Orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà "panapaná", gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, torí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́ ló ṣí i, inú rẹ̀ ń dùn, ó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Ó wà láàárín wọn gbangba bí igi tó dá dúró láàárín pápá.

Ó ń wò ó. Mo wà ní kíṣìnì, òórùn aṣọ tó ń jó ló gbé mi sáré wọlé. Áyọ́ọ̀nù ti jó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wọnú pátákó, èéfín ń rú, ọkọ mi dúró tì í, kò gbọ́ òórùn. Panapaná o! Ọkùnrin tó jẹ́ pé tí aládùúgbò bá jó ẹ̀pà díẹ̀ nínú ìkòkò, á ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì! Mo já áyọ́ọ̀nù lára iná, mo ní, "Kí ló ṣe ọ́?" Ó gbé fóònù sí mi lójú. Ó ní, "Wọ́n ń rí mi."

Gbólóhùn kan ṣoṣo nìyẹn. Wọ́n ń rí mi.

Ẹ ní kí ni? Àṣìṣe ni? Mo mọ̀ pé àṣìṣe ni! Ta ló ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Tó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin àti èmi la máa jókòó báyìí? Ẹ tọrọ àforíjì? Ẹ ṣeun tí ẹ rántí àforíjì ọ̀hún, mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ gan-an. Ilẹ̀ kò tíì ṣú lọ́jọ́ náà, fóònù tún ké. Ìwé kejì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ fojú fo ìwé tó kọ́kọ́ dé, ó ṣeéṣe kẹ́ ẹ rí orúkọ àwọn mìíràn níbẹ̀." Mo ní, ó dáa, wọ́n ti rí i, wọ́n fẹ́ bò ó. Mo wo òkè. Yéè! Gbogbo orúkọ ọ̀hún tún nìyẹn! Gbogbo wọn pátá! Kò dín ẹyọ kan! Ẹ fi ìhòòhò wọn hàn, ẹ wá tún pè wọ́n padà síta kí ẹ fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má wo ìhòòhò ara wọn! Ẹni tí kò kíyè sí i lẹ́ẹ̀kíní, ẹ ti ní kó lọ wò ó dáadáa. Ọkùnrin kan nínú wọn wá bínú, kò mọ̀ pé ohun tí òun ń tẹ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, ó ní, "Ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀ kíá! Ìyàwó mi ò mọ̀ pé mò ń wá!" Ó dé fóònù gbogbo wọn. Ó dé ti ọkọ mi. Ọkọ mi kà á, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yìí náà, Ọlọ́run á bò ó láṣìírí." Àṣírí tirẹ̀ náà ò bò, ẹlòmíì ló ń káàánú!

Ẹ má dá akọ̀wé lẹ́bi. Mi ò dárúkọ akọ̀wé. Akọ̀wé yín wà lẹ́nu ìsinmi nígbà yẹn, wọ́n sọ fún mi níta. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́.

Mo rò pé bí ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe rí nìyẹn. Mo fi Ọlọ́run búra, ohun tí mò ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ yìí nìyẹn, pé bóyá ìwé tó bá ń lọ bá ènìyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé kò sí ọ̀nà mìíràn, pé dókítà náà...

Ẹ ní kí ni?

Ẹ tún un sọ.

Ìlà kan wà níbẹ̀? Lábẹ́ ibi tí ẹ kọ wọ́n sí gan-an? Bíi-sí-sí? Kí lẹ pè é, bí ẹni ń pe ọmọ ológbò? Tí ẹ bá fi wọ́n sí ìlà yẹn, ìwé á dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó máa rí ẹnì kejì rẹ̀? Oníkálukú á rò pé òun nìkan lẹ kọ̀wé sí? Ó wà níbẹ̀? Ó wà níbẹ̀ láti àná, láti ìjẹta, kí wọ́n tó bí ìwé yín gan-an, ó jókòó síbẹ̀ ó ń retí yín? Dókítà! Ẹ wá ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún mi bí ẹni ń júwe ọ̀nà ilé-ìfowópamọ́! Ohun tí kò ju kéèyàn sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀ lọ! Ìka yín ì bá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ báyìí, ọkọ mi ì bá máa jẹun nílé mi lónìí!

Ẹ fi mí sílẹ̀. Mi ò sunkún. Ojú ló ń ta mí.

Ẹ ò mọ ohun tí ẹ fọ́. Ẹ rò pé àṣírí ọkọ mi nìkan ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ẹni tó ti ń ṣọ́ àṣírí náà kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Látìgbà tí èsì àkọ́kọ́ ti jáde, tí ẹ sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ wà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Báwo ni mo ṣe máa sọ fún Màmá?" Ìyá rẹ̀ nìyẹn, òun nìkan ló tọ́ ọ, òun ló fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ kó tó di ènìyàn. Mo ní, "O ò ní sọ nǹkan kan. Èmi ni kí wọ́n máa wò." Mo lọ bá ìyá ọkọ mi fúnra mi, mo ní, "Màmá, ẹ ní sùúrù fún wa, ọ̀dọ̀ mi ni ìṣòro wà, mò ń gba ìtọ́jú." Ẹ gbọ́? Mo gbé e rù. Wọn ò gbé e lé mi lórí, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ tí mo gbé e.

Ojú mi sì rí nǹkan! Tí ọmọ aládùúgbò bá ń ké, ìyá ọkọ mi á ní, "Ẹ gbọ́ ohùn tó yẹ kó máa jáde nílé àwa náà." Tí mo bá ra bàtà tuntun, á ní, "Ẹsẹ̀ dára, ta ni yóò máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn?" Ìgbà kan wà tó mú ọ̀dọ́bìnrin aránṣọ kan wá sílé mi, ó ní ó wá kí wa. Ta ló ń kí ènìyàn pẹ̀lú àpótí aṣọ? Mo se oúnjẹ fún un. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un! Ọkọ mi lé e lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ lọ sọ òótọ́ fún Màmá báyìí báyìí, èmi ni mo dí ilẹ̀kùn. Mo ní, "Jókòó. Kò tíì rẹ̀ mí." Òótọ́ ni, kò rẹ̀ mí. Ènìyàn máa ń ní ohun kan tó fi ń mọ̀ pé òun fẹ́ràn ẹnìkan. Tèmi nìyẹn. Mo ń gbé e kiri bí ẹni pọn ọmọ, mi ò sì jẹ́ kó já bọ́, nínú gbogbo ìwọ̀sí yẹn, kò já bọ́ lẹ́ẹ̀kan rí.

Ẹ̀yin wá fi ìka kan jù ú sílẹ̀.

Báwo ló ṣe dé etí ìyá ọkọ mi? Ẹ béèrè ire. Màmá lọ fọ irun. Ọ̀dọ̀ onídìrí rẹ̀ ló lọ, obìnrin tó ti ń bá a fọ irun tipẹ́. Ó fi orí sínú báfù, ọṣẹ wà lórí rẹ̀, àwọn obìnrin jókòó yíká, ó sì tún gbé ọ̀rọ̀ mi jáde bó ṣe máa ń ṣe: ìyàwó ọmọ òun, igi tí kò so, àyà òun, ọjọ́ ogbó òun. Kò mọ̀ pé ọkọ onídìrí náà wà nínú àwọn tí ẹ pàtẹ! Obìnrin náà ti rí ìwé yín nínú fóònù ọkọ rẹ̀, ó ti sunkún nílé, ó ti gbé ojú wíwú wá síbi iṣẹ́. Ẹni tí ara ń ta, wọ́n ń fi iyọ̀ sí i lára. Ó fara dà á, ó fara dà á, ó wá fi ọwọ́ lu báfù gbàà! Ó ní, "Màmá, ẹ fi ọmọbìnrin yẹn sílẹ̀! Ọmọ yín ni! Ọmọ yín ọkùnrin ni! Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọkọ mi, mo fi ojú mi rí i!" Wọ́n ní ẹ̀rọ gbígbẹ irun nìkan ló kù tó ń dún.

Ó fẹ́ gbèjà mi ni. Ẹ wo nǹkan! Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí n fi í bú.

Ìyá ọkọ mi kò jẹ́ kí wọ́n ṣan irun náà. Ó dìde bẹ́ẹ̀, ọṣẹ lórí, tówẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, ó rin títì já, àwọn ènìyàn ń wò ó, ó kan ilẹ̀kùn mi. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rò pé wọ́n lù ú ni. Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni?" Ó ní, "Gbogbo ohun tí mo ń sọ sí ọ yẹn, o mọ̀, o sì dákẹ́?" Kí n tó dáhùn, Dókítà, màmá yẹn ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá ọkọ mi! Lórí sìmẹ́ńtì! Mo kígbe, mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ má ṣe mí báyìí, ẹ má fi orí mi gba èèwọ̀," ó ń fà mí, mò ń fà á, ọṣẹ ń ro sílẹ̀ láàárín àwa méjèèjì, ó wọ̀ ọ́ lójú, kò nù ún. Àwọn tó gbọ́ ọ ń sọ fún mi pé, "Ìyàwó, inú rẹ á dùn, o ti jàre." Mo jàre? Ta ló pè mí lẹ́jọ́? Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ jàre lọ́nà bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ tí mo jàre yẹn lọkọ mi jẹ̀bi lójú gbogbo ayé!

Ẹ má wo aago. Mo ní ẹ má wo aago! Àwọn tó wà níta á dúró, wọ́n ti mọ sùúrù.

Ìyàwó awakọ̀ ọkọ̀ panapaná wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ yẹn, orí rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ gbígbẹ. Ẹ rò pé ẹ̀rọ náà di í létí? Ọjọ́ kejì, wọ́n ń fọ ọkọ̀ ní tèṣàn, pọ́ǹpù kọ̀, kò fa omi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò dá wọn lóhùn. Awakọ̀ náà kọjú sí ọkọ mi, ó ní, "Ìwọ lo mọ ìwà pọ́ǹpù tí kò lómi, wá bá wa wò ó." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú o, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n, wọ́n jọ ń wọ iná ni, àwàdà àwọn ọkùnrin ni. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkọ mi ṣe? Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ yẹn náà, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Ó tún pọ́ǹpù ọ̀hún ṣe, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá sílé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Mo gbé oúnjẹ wá bá a níbẹ̀, ó ní, "Ikú yá ju ẹ̀sín." Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní òwe ni òun ń pa. Òwe!

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé tí wọ́n ti ń ṣe àga gbaná. Igi, gúlúù, ọ̀dà, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe ń jó. Bàbá ọlọ́dẹ wà lókè. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹni méjì ló ń wọlé, òfin ni pé kí oníkálukú wọ ìbòjú rẹ̀. Ọkọ mi ò dúró de ẹnì kejì. Ó wọlé, ó gbé bàbá yẹn sẹ́yìn, ó gbé e jáde láàyè. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́! Ṣùgbọ́n kò dúró gba àtẹ́wọ́. Ó já ìbòjú jù sílẹ̀, ó ní ẹnì kan tún wà níbẹ̀, ó tún wọlé. Bàbá náà ń kígbe pé, "Èmi nìkan ni! Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀!" Ọ̀gá rẹ̀ ń fọn fèrè kó padà. Kò padà. Ta ló lọ wá, Dókítà? Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Àtẹ̀gùn já lábẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ tó fi í ṣàwàdà ló wọlé lọ fà á jáde, òun náà ló gbé e dé ọsibítù, tó ń lu orí mọ́ ògiri pé, "Ẹnu mi ni, ẹnu mi ni." Mo ní kó gbẹ́nu dúró. Ẹnu tiẹ̀ kọ́ ló ṣáájú.

Ó wà láàyè. Ẹ fi ọkàn balẹ̀, ẹ ò pa á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, èéfín ti wọ̀ ọ́ láyà, wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n má bá yín jà. Ẹ gbọ́ o! Ó ní dókítà náà ò mọ̀ọ́mọ̀. Ó ní òun kan fẹ́ kí n bá òun sọ fún yín pé òun ò wá mọ́, kí ẹ fi oògùn òun fún ẹlòmíì, òun ti ṣe tán pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọmọ. Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn. Mo ti jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tó kù, tèmi ni.

Kí lẹ ń wá nínú dúrọ́ọ̀ yẹn?

Èsì? Èsì tó ṣe kẹ́yìn, kí ẹ̀rọ tó lọ fún àtúnṣe? Ó ti jáde? Ó ti...

Ẹ dúró! Ẹ má sọ ọ́! Ẹ pa ẹnu yín dé, Dókítà, mo bẹ̀ yín! Ẹ gbé ojú yín náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú yín ti fẹ́ máa sọ ọ́. Ọlọ́run ń rí mi, etí mi ń yún mi, mo ti dúró de ìwé yẹn ju bí ẹ ṣe mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ni ín? Orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀? Kì í ṣe tèmi. Ẹ̀yin ò ní kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, ẹ ò ní sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, òun lẹ máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, láti ẹnu yín sí etí rẹ̀. Tó bá fẹ́ sọ fún mi, á sọ fún mi.

Ẹ fẹ́ fi kí ni ránṣẹ́ sí i?

Ẹ fẹ́ fi KÍ NI ránṣẹ́ sí i? Ímeèlì? Háà, ikùn mi o! Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, Dókítà, inú ló ń bí mi, ẹ má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín! Ímeèlì! Ọkùnrin yìí ò ní pa mí o!

Ó dáa, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ máa ṣe, mi ò ní dìde níbí tí ẹ ò bá ṣe é. Kọ̀ǹpútà yín nìyí. Àwọn ọkùnrin yẹn, gbogbo wọn, ẹ kọ̀wé sí wọn báyìí. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n pa ìwé méjèèjì rẹ́, pé ẹni tó bá mọ ẹnìkan níbẹ̀, kó fi sínú ikùn ara rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe akọ̀wé. Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn o! Ìlà ológbò yẹn ni kẹ́ ẹ tò wọ́n sí. Mo máa kọjú sí ògiri títí ẹ ó fi ṣe tán, mi ò fẹ́ rí orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ ti fi wọ́n síbẹ̀? Gbogbo wọn? Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún un wò. Ẹ má kánjú. Ó ti lọ?

Ó dáa. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ bá a. Báyìí ni, kì í ṣe lọ́la. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà láàárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kíkán, àwọn ará tèṣàn rẹ̀ sì ń wọlé ń jáde, torí náà ẹ bọ́ ẹ̀wù funfun yẹn, ẹ̀yin ò rí i pé orúkọ ilé ìwòsàn yín àti irú ìtọ́jú tí ẹ ń ṣe wà láyà rẹ̀ gàdàgbà? Ẹ bọ́ ọ, ẹ fi kọ́ sára ilẹ̀kùn. Ṣẹ́ẹ̀tì yín yẹn náà dáa. Ẹni tó bá béèrè, ẹ ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó panapaná ni yín, ẹ wá wò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ẹ sọ ohun tí ẹ ní í sọ, èmi á dúró lọ́nà jínjìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èmi á máa wo ojú rẹ̀.

Fóònù yín? Ẹ fi í sílẹ̀ sórí tábìlì.